Ẹ́ńjìnnì Eagle: apá òsì ń gbóná, apá ọ̀tún tutù. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ (Derby)
Ọjọ́ Àìkú, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Derby ní ìlú òyìnbó ni mò ń gbé. Ilé ìtọ́jú arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé mo máa ń lọ bá àwọn bàbá kan tí wọ́n ń tún ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ṣe. Mẹkáníìkì ni bàbá mi ní Mọ́kọ́là, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di sípánà mú láti kékeré, ọwọ́ mi kò sì tíì kúrò lára irin láti ìgbà náà.

Ẹ́ńjìnnì tó wà níwájú wa báyìí ni Rolls-Royce Eagle VIII. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n: òun ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú àkọ́kọ́ tí Henry Royce fúnra rẹ̀ ṣètò, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ìjọba ti kọ́kọ́ fẹ́ kí wọ́n máa ṣe irú ẹ́ńjìnnì tí atẹ́gùn ń mú tutù, Royce kò gbà, ó ní omi lòun máa lò. Ní February 1915 ni àkọ́kọ́ rẹ̀ jí, ní Derby níbí. Sílíńdà 12 ni, mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì, wọ́n là síra bí ẹsẹ̀ ẹni tó dúró gbọn-in. Àkọ́kọ́ ní agbára ẹṣin 225. Nígbà tó fi máa kan Eagle VIII ní 1917, ó ti di 360.

Sílíńdà kọ̀ọ̀kan dá dúró, ó sì wọ ẹ̀wù omi tirẹ̀. Páànù irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ẹ̀wù yìí, wọ́n jó o mọ́ ara sílíńdà yíká, omi á máa gba àárín ẹ̀wù àti ara kọjá. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, orí rẹ̀ ni wàhálà wa wà.

A kò ní fi í fò. Orí àga irin ni a gbé e kà, a fẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ìwé lè wá gbọ́ ohùn rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ta á jí. Ẹ̀yin ará, ohùn yẹn! Omi bọ́ lójú bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ṣùgbọ́n kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí páìpù tí omi ń gbà jáde lápá ọ̀tún fi wà ní 72 (Celsius), tápá òsì sì ti di 91, ó ṣì ń gòkè. A pa á. A dúró kí ó tutù, a tún ta á, nǹkan kan náà.

Bàbá mẹ́ta, ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ọ̀kan ní rédíétọ̀ wa kéré. Èkejì ní ọ́ìlì ni. Ẹ̀kẹta, òun ni olórí wa, ó ní ìpẹtà ti dí inú ẹ̀wù omi apá òsì, àfi ká fi ayùn la ẹ̀wù náà, ká fọ inú rẹ̀, ká sì jó o padà. Ẹ̀rù ń bà mí. Kò síbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀wù yẹn mọ́ láyé yìí. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Kí la lè yẹ̀ wò ká tó mú ayùn?

Bàbá Jẹnẹrétọ̀ (Ìbàdàn)
Ọjọ́ Ajé, 5:40 àárọ̀

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Orí bàbá rẹ á máa gbè ọ́. Sọ fún wọn kí wọ́n gbé ayùn jìnnà.

Rédíétọ̀ kan ló ń bu omi fún apá méjèèjì, àbí? Tó bá jẹ́ òun ló kéré, apá méjèèjì ni ìbá gbóná. Ọ́ìlì náà, ọ̀kan ni wọ́n jọ ń lò. Ohun tó bá ba apá kan jẹ́ tó dá èkejì sí, ibi tí ọ̀nà ti pín ni kó o ti wá a.

Tú àwọn ọ́ọ̀sì tí omi ń gbà jáde lókè lápá méjèèjì. Gbé garawa kọ̀ọ̀kan sábẹ́ wọn, kí àwọn garawa náà rí bákan náà. Kí ẹnì kan máa da omi sí i, kí ẹnì kan máa fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì. Wo garawa tó máa kọ́kọ́ kún. Èmi ti tún jẹnẹrétọ̀ kan ṣe rí tó ń gbóná bí ààrò, wọ́n ti pààrọ̀ rédíétọ̀, wọ́n ti pààrọ̀ pọ́ǹpù. Àkísà ni mo fà yọ nínú páìpù, èyí tí ẹni tó kọ́kọ́ tún un ṣe fi dí ojú páìpù kí ẹ̀gbin má wọlé, tó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Peckham
Ọjọ́ Ajé, 8:02 àárọ̀

Àbúrò, ẹ́ńjìnnì tí ẹ gbé kalẹ̀ yẹn ní ìtàn pẹ̀lú omi gbígbóná, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nítorí pé ó kan ọ̀rọ̀ yín gan-an.

Ní 1913, ìwé ìròyìn Daily Mail gbé £10,000 kalẹ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ fo Òkun Àtìláńtíìkì kọjá láàárín wákàtí 72. Harry Hawker àti Mackenzie-Grieve gbéra ní Newfoundland, erékùṣù kan ní ìlà oòrùn Kánádà, lọ́jọ́ 18 May 1919, ọkọ̀ Sopwith, ẹ́ńjìnnì Eagle VIII kan ṣoṣo. Wọ́n ti rin wákàtí mélòó kan lórí òkun lóru kí Hawker tó rí i pé ìgbóná omi ń gòkè. Ó ṣí ìlẹ̀kùn rédíétọ̀ pátá, ó ṣì ń gòkè. Ó wá mọ̀ pé pàǹtí ti dí asẹ́ omi. Ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, ó dorí ọkọ̀ kọlẹ̀ nínú òkùnkùn, kí ìmì náà lè mi pàǹtí náà kúrò lójú asẹ́. Ó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ó ń gbẹ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n wá ọkọ̀ ojú omi kiri títí wọ́n fi rí ti àwọn ará Denmark kan tó ń jẹ́ Mary, wọ́n sì bà lé orí omi níwájú rẹ̀.

Mary kò ní rédíò. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni gbogbo ayé fi rò pé wọ́n ti kú. Ọba George ránṣẹ́ ìbánikẹ́dùn sí ìyàwó Hawker. Ọjọ́ 25 May ni ìròyìn tó dé pé wọ́n wà láàyè.

Kò pé oṣù kan tí Alcock àti Brown fi gbéra ní Newfoundland kan náà, 14 June, Eagle VIII méjì lára ọkọ̀ Vimy. Àwọn tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì wọn ti gbọ́ ohun tó ṣe Hawker: wọ́n sẹ́ omi náà, wọ́n sì sè é kó tó wọ rédíétọ̀. Kò tó wákàtí mẹ́rìndínlógún tí wọ́n fi bà lé inú ẹrọ̀fọ̀ ní Clifden ní Ireland. Ọkọ̀ náà wà ní Science Museum ní South Kensington títí dòní, mo ti mú àwọn ọmọ mi lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo asẹ́ omi yín.

Wẹ́dà Houston
Ọjọ́ Ajé, 1:30 ọ̀sán

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n, ìtàn yín dùn, mo sì gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n Hawker ní asẹ́ kan tó dí gbogbo omi. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin yìí ní apá kan ló gbóná. Tí asẹ́ bá wà kí omi tó dé pọ́ǹpù, kò lè fìyà jẹ òsì kó dá ọ̀tún sí. Ọ̀rọ̀ Bàbá Jẹnẹrétọ̀ ni mo tẹ̀ lé.

Èmi jó irin fún ọdún 14. Tí ó bá jẹ́ ojú ibi tí wọ́n jó lára ẹ̀wù omi ló ti ya, omi lè máa jò. Ẹ dí gbogbo ojú ihò, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ tó 30 psi (ìwọ̀n tí a fi ń mọ agbára atẹ́gùn), kí ẹ fi ọṣẹ olómi pa gbogbo ojú ibi tí wọ́n jó. Ibi tó bá ń yọ fóòmù, ibẹ̀ ni.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ (Abẹ́òkúta)
Ọjọ́ Ajé, 4:11 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi, mi ò mọ ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń fọ ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ mọ́ irin. Kọ́sítíìkì sódà díẹ̀ nínú omi gbígbóná, ẹ dà á sí i mọ́jú. Ìkòkò irin tí epo ti jóná mọ́ nídìí, òun ni mo fi ń bó o.

Bàbá Jẹnẹrétọ̀ (Ìbàdàn)
Ọjọ́ Ajé, 4:35 ìrọ̀lẹ́

Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, a ò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkòkò irin ni tiyín. Álúmíníọ́ọ̀mù ni àpótí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì yìí. Kọ́sítíìkì máa ń jẹ álúmíníọ́ọ̀mù bí ẹni jẹ ẹ̀bà. Ẹ rántí pé a kì í po kọ́sítíìkì nínú ìkòkò álúmíníọ́ọ̀mù.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ (Abẹ́òkúta)
Ọjọ́ Ajé, 4:50 ìrọ̀lẹ́

Òótọ́ lẹ sọ, ó máa ń hó yeee, á sì dúdú. Ọmọ mi, má fi sí i o. Ẹ ṣeun, bàbá.

Dírẹ́fà Òjóò
Ọjọ́ Ajé, 7:20 alẹ́

Tó bá jẹ́ pé ó ń jò ni, ata gígún ṣíbí méjì nínú rédíétọ̀. Mo fi gba Ìbàdàn dé Ìlọrin rí.

Ẹnjiníà Fẹ̀yìntì (Ìkẹjà)
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:15 àárọ̀

Mo kí yín o. Ọdún 31 ni mo lò nídìí ọkọ̀ òfurufú kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Dírẹ́fà, ata máa ń dí ihò tó ń jò lóòótọ́, ó sì máa ń dí ihò tí kò jò pẹ̀lú. Ẹni tó wà láàárín ọ̀nà lóru lè fi gba ara rẹ̀ là. Inú ẹ́ńjìnnì tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ata kò gbọdọ̀ dé bẹ̀.

Houston, àbúrò mi, ìmọ̀ràn rẹ dára, ṣùgbọ́n 30 psi yẹn á ba nǹkan jẹ́. Rédíétọ̀ mọ́tò òde òní ni a máa ń dé pa, tí agbára fi máa ń wà nínú omi rẹ̀. Ti Eagle ṣí sí afẹ́fẹ́, kò sí agbára kankan nínú rẹ̀ ju èyí tí pọ́ǹpù bá tì lọ. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ṣe ẹ̀wù yẹn á wú bí ikùn ọmọ tó yó tí ẹ bá fẹ́ 30 sí i. Kí ó má ju 4 tàbí 5 lọ.

Nítorí pé kò ní ìdérí náà ni ọ̀rọ̀ Hawker fi le. Nílẹ̀, omi ń hó ní 100. Tí ọkọ̀ bá gòkè tó 10,000 ẹsẹ̀ bàtà, 90 ni omi á ti hó. Ẹ rí i pé 91 tí apá òsì yín dé, lókè yẹn ooru ni ìbá ti jẹ́.

Omi tí wọ́n sè fún Alcock: sísè kì í yọ pàǹtí, asẹ́ ló ń ṣe ìyẹn. Sísè máa ń jẹ́ kí ẹfun inú omi yọ jáde kó sì sùn sídìí ìkòkò, kó má bàa lọ lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà. Ẹ wo inú kẹ́túlù yín ní ìlú òyìnbó, ẹ ó rí ohun funfun tí mò ń sọ. Ìpele rẹ̀ díẹ̀ lára irin ti tó láti dí ooru lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ orí ilẹ̀ náà wà ńbẹ̀. Ọkọ̀ tó ń fò ní atẹ́gùn tó ń fẹ́ rédíétọ̀ rẹ̀ gidigidi. Ẹ́ńjìnnì tó jókòó sórí àga kò ní ju èyí tí abẹ̀bẹ̀ iwájú bá fẹ́ sí i. Ìyẹn lè mú kí gbogbo rẹ̀ gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n kò ní ya òsì sọ́tọ̀.

Wàyí o, ọmọ mi, dá mi lóhùn: (1) Tí o bá tú púlọ́ọ̀gì, ṣé àwọ̀ ti òsì funfun ju ti ọ̀tún lọ? Tí epo bá kéré lápá kan tàbí tí màgínẹ́tò kan (ẹ̀rọ tó ń mú iná wá fún púlọ́ọ̀gì) bá ń pẹ́ tan iná, apá yẹn á gbóná láì jẹ́ ẹ̀bi omi. (2) Ṣé omi wà nínú ọ́ìlì? (3) Nígbà tí ẹ ń rọ omi sí i, ṣé ẹ tú ojú atẹ́gùn sílẹ̀ lókè apá òsì? Afẹ́fẹ́ tó bá há síbẹ̀ kò ní jẹ́ kí omi débẹ̀. (4) Irú omi wo ni?

Ọmọ Odò Ọya (Johannesburg)
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:48 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìhà tiwa kún un. Ní February 1920, van Ryneveld àti Brand, awakọ̀ òfurufú méjì ará South Africa, gbé Vimy kan tó ń jẹ́ Silver Queen gbéra ní Brooklands, Cape Town ni wọ́n ń lọ, Eagle méjì ló gbé wọn. Rédíétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò lóru nígbà tí wọ́n kúrò ní Cairo, wọ́n ní láti bà lé Korosko nínú òkùnkùn, ọkọ̀ fọ́ yángá. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n tú wọn, wọ́n gbé wọn padà, wọ́n dè wọ́n mọ́ Vimy mìíràn, ó tún bá ìrìn àjò lọ títí dé Bulawayo kí ìyẹn náà tó já lulẹ̀. Ọkọ̀ DH.9 ni wọ́n fi parí rẹ̀, 20 March. Ẹ́ńjìnnì tó gba irú ìyẹn mọ́ra, ẹ má ṣe tètè fi ayùn kan án.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ (Derby)
Ọjọ́rú, 11:05 alẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo tẹ ọ̀rọ̀ yín jáde, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn bàbá náà. Olórí wa gbà láti lọ síbẹ̀ lálẹ́ òní kí a lè dáhùn ìbéèrè Bàbá Ẹnjiníà.

Púlọ́ọ̀gì 24 ni, méjì méjì fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo tò wọ́n sórí aṣọ funfun ní ìlà méjì. Àwọ̀ wọn dọ́gba, bí ẹ̀wà sísè. Ọ́ìlì mọ́. Ojú atẹ́gùn, a tú u sílẹ̀ nígbà tí a rọ omi, omi sì yọ jáde níbẹ̀ lápá méjèèjì. Omi ẹ̀rọ ni a lò, kẹ́túlù wa níbẹ̀ funfun nínú bí ẹ ṣe wí.

Ẹ̀gbọ́n Peckham, mo tú asẹ́ omi. Mo rí ìpẹtà tó lúbúlúbú bí ata gbígbẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, kò ju ṣíbí kan lọ. Mo fọ̀ ọ́ mọ́. Atẹ́gùn 4 psi: kò sí fóòmù níbì kankan.

Wẹ́dà Houston
Ọjọ́bọ̀, 2:40 òru

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bàbá Ẹnjiníà, mo gba àtúnṣe yín, ẹ ṣeun sà. Tí ojú ibi tí wọ́n jó bá le, ẹ̀wù kò ya nìyẹn. Ó ku garawa.

Bàbá Jẹnẹrétọ̀ (Ìbàdàn)
Ọjọ́bọ̀, 5:32 àárọ̀

Garawa ni mò ń retí.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ (Derby)
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3:20 ọ̀sán

A ti ṣe garawa. Ẹni méjì ń fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì, èmi wà nílẹ̀ pẹ̀lú aago. Garawa ọ̀tún kọ́kọ́ kún, ti òsì tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó nǹkan. Olórí wa ní ṣé mo rí i báyìí, omi ń lọ dáadáa, inú ẹ̀wù ni ẹfun ti lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà. Ó ti ń wo ayùn. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ mọ́.

Bàbá Jẹnẹrétọ̀ (Ìbàdàn)
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3:41 ọ̀sán

Ó yà mí lẹ́nu. Tí ẹfun bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lápá òsì, kí ló dé tí kò fi sí lápá ọ̀tún? Omi kan náà ni wọ́n ti ń mu láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró.

Ẹnjiníà Fẹ̀yìntì (Ìkẹjà)
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ dúró. Báwo ni ẹni méjì ṣe lè yára yí i tó? Bóyá ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ́ńjìnnì yìí ń yí ní 1,800 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ kára. Omi tó rọra ń ṣàn àti omi tí pọ́ǹpù ń tì, ìwà wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ohun kan lè wà lójú ọ̀nà tó ń yẹ̀ fún omi jẹ́jẹ́, tó sì ń dìde fún omi líle.

Ẹ tú pọ́ǹpù kúrò lára ohun tó ń yí i, kí páìpù rẹ̀ méjèèjì ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fi díríìlì iná yí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi kún un. Garawa kan náà, aago kan náà.

Wẹ́dà Houston
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:09 ìrọ̀lẹ́

Ọ́ọ̀sì! Ẹ wo inú ọ́ọ̀sì o. Mo ti rí i lára tírélà.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ (Derby)
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:47 alẹ́

Ẹ̀yin ará mi. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí.

A fi díríìlì yí pọ́ǹpù. Ní jẹ́jẹ́, garawa méjèèjì ń kún bákan náà. Mo ní kí ẹni tó di díríìlì mú fi kún un. Ti ọ̀tún ń tú jáde bí omi òjò láti ẹnu ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ti òsì yọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá. A dín in kù, ó tún ń ṣàn. A fi kún un, ó dá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ṣe é kí ojú lè dá wa.

Mo tú ọ́ọ̀sì kékeré tó kúrò lẹ́nu pọ́ǹpù lọ sí páìpù apá òsì. Kò gùn ju ìka àárín mi lọ. Lóde, ó dúdú, ó ń dán, kò sán níbì kankan, ẹnikẹ́ni ló máa wò ó kọjá. Mo ki ìka bọ inú rẹ̀, nǹkan kan rọra gbéra bí ahọ́n. Awọ inú rọ́bà náà ti bó kúrò lára awọ òde, ó ṣì dì mọ́ lápá kan ṣoṣo. Tí omi bá rọra ń kọjá, ahọ́n yẹn á sùn mọ́ ògiri. Tí omi bá ti yára, á dìde dúró, á sì dí ọ̀nà.

Mo gbé e fún olórí wa. Ó fi ìka tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó yọ ọ́, ó tún fi bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ó lọ gbé ayùn kọ́ ara ògiri.

Bàbá Jẹnẹrétọ̀ (Ìbàdàn)
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:59 alẹ́

Olúwa ṣeun! Ibi tí ọ̀nà ti pín. Bàbá Ẹnjiníà, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín lórí ọ̀rọ̀ díríìlì. Àṣìṣe mi ni pé jẹnẹrétọ̀ tí mo mọ̀ kì í sáré tó bẹ́ẹ̀, mi ò ronú dé bẹ̀.

Ẹnjiníà Fẹ̀yìntì (Ìkẹjà)
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:30 alẹ́

Ẹ má dọ̀bálẹ̀ o, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mẹ́nu ba garawa. Èmi kàn fi kún ìyára rẹ̀ ni.

Ọmọ mi, ẹ pààrọ̀ gbogbo ọ́ọ̀sì, kì í ṣe ẹyọ kan. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ra gbogbo wọn, bí ọ̀kan bá ti bó, ìyókù wà lójú ọ̀nà. Rọ́bà ti wà nínú ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ṣé ẹ mọ ẹ́ńjìnnì Green? Ìyẹn ṣáájú Eagle. Òun ló gbé awakọ̀ òfurufú tó ń jẹ́ Moore-Brabazon lọ́jọ́ 30 October 1909, nígbà tó gba £1,000 fún yíyípo máìlì kan. Gustavus Green fi bàbà ṣe ẹ̀wù omi tirẹ̀, kò jó ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ sílíńdà. Òrùka rọ́bà ló fi dè é níbẹ̀, kí bàbà lè máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ nígbà tí ooru bá mú un gùn, kí omi má sì jò. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi rọ́bà sí ọ̀nà omi gbígbóná gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ orí rọ́bà náà. Kọ ọjọ́ tí ẹ bá de tuntun sára páálí kan, so ó mọ́ àga ẹ́ńjìnnì.

Bàbá Jẹnẹrétọ̀ (Ìbàdàn)
Ọjọ́ Àìkú, 6:10 àárọ̀

Omi ńkọ́? Ẹ lo omi òjò, kò ní ẹfun.

Ẹnjiníà Fẹ̀yìntì (Ìkẹjà)
Ọjọ́ Àìkú, 7:45 àárọ̀

Omi òjò dára tí ẹ bá gbè é sínú ohun tó mọ́. Èyí tó bá ti orí páànù bọ̀ ti kó ìdọ̀tí àti ìpẹtà páànù bọ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni omi tí wọ́n ti sè di ooru tí wọ́n sì sọ ooru náà di omi padà, irú èyí tí a ń bù kún bátìrì mọ́tò. Kí ẹ sì po oògùn tí ń dènà ìpẹtà mọ́ ọn, èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ó bá irin, bàbà àti álúmíníọ́ọ̀mù mu, nítorí pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú ọ̀nà omi yín. Omi tó mọ́ lásán láìsí oògùn á jẹ irin. Tí ẹ kò bá ní ta á jí fún ìgbà pípẹ́, kó wà níbẹ̀ náà ni. Ẹni tó bá tú omi dànù tó fi ọ̀rinrin sílẹ̀ nínú rẹ̀, òun ló ń pe ìpẹtà.

Wẹ́dà Houston
Ọjọ́ Àìkú, 3:15 ọ̀sán

Ìbéèrè kan: ṣé ọ́ìlì máa ń kán sórí ọ́ọ̀sì yẹn? Àwọn rọ́bà kan kò bá ọ́ìlì ṣe.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ (Derby)
Ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì, 7:58 alẹ́

Houston, bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn irin tó ń ti fáàfù wà ní gbangba lókè ẹ́ńjìnnì yìí, ọ́ìlì máa ń ta sílẹ̀ láti ibẹ̀. Ibi tí ọ́ọ̀sì yẹn wà gan-an ni ó máa ń kán sí. A ti wá fi páànù kékeré kan bò ó.

A pààrọ̀ gbogbo ọ́ọ̀sì apá òsì, a fọ gbogbo ọ̀nà omi, a rọ omi tí Bàbá Ẹnjiníà wí sí i pẹ̀lú oògùn. A ta á jí ní aago méjì ọ̀sán. Ogún ìṣẹ́jú ni a jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́. Ọ̀tún 74, òsì 76. Olórí wa ní kí n fi ọwọ́ mi pa á, nítorí náà èmi ni mo pa á.

Fún apá ọ̀tún, ọ́ọ̀sì méjì ṣì kù tí a kò rí ra. Íǹṣì kan ààbọ̀ ni ihò inú rẹ̀, gígùn rẹ̀ íǹṣì mẹ́ta, ó gbọ́dọ̀ gba ooru àti ọ́ìlì. Ẹ̀gbọ́n Peckham, ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n ń tà á ní London?

Ẹ̀gbọ́n Peckham
Ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì, 8:20 alẹ́

Mo mọ bàbá kan tó ń ta rọ́bà ọkọ̀ ojú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Màá kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé. Fi àwòrán ti àtijọ́ ránṣẹ́ sí mi, kí o sì wọn òde rẹ̀ pẹ̀lú, kí kílíìpù má bàa kéré.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ (Derby)
Ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì, 8:26 alẹ́

Òde rẹ̀ jẹ́ íǹṣì méjì gééré. Mo ti fi àwòrán ránṣẹ́, sà.